Láíbìrì yunifásítì ní ìwé tí mo ti dá padà ṣì wà lọ́rùn mi. Kí ni òfin yíyá ìwé sọ?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ṣe ìdánwò àṣekágbá, mo ti fi pírójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kílíáráǹsì nìkan ló kù. Fọ́ọ̀mù náà ti yí ká: ẹ̀ka wa fọwọ́ sí i, fákọ́tì fọwọ́ sí i, àwọn elétò owó àti ilé ìwòsàn náà fọwọ́ sí i. Ìgbà tó dé láíbìrì ni ọ̀rọ̀ yíwọ́. Obìnrin tó wà ní káńtà tẹ nọ́ńbà mi sínú kọ̀ǹpútà, ó ní ìwé econometrics kan tí mo yá ní 300 level kò tíì wọlé, owó ìtanràn sì ti ń gorí ara wọn láti ọdún tó kọjá.

Mo dá ìwé yìí padà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e lé orí káńtà. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, iná sì ti lọ. Ọkùnrin tó gbà á ní kí n máa lọ, kò sí bébà kankan tó fún mi. Ní báyìí wọ́n ní kí n san owó ìtanràn, kí n tún ra ìwé náà tuntun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ò ní fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi. Ẹ sì mọ̀ pé láìsí ìbuwọ́lùwé yẹn, kò sí ìwé ẹ̀rí.

Ṣé òfin fún wọn láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀? Ibo ni kí n gbà lọ?

Ìyá Ìbejì

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Má tíì san kọ́bọ̀. Jẹ́ kí Bàbá Láíbìrì dé ná, wọ́n máa ń wọlé síbí lálaalẹ́. Ṣé o ṣì rántí orúkọ ìwé náà àti ẹni tó kọ ọ́? Kọ ọ́ sílẹ̀ síbì kan, wọn yóò bi ọ́.

Bàbá Láíbìrì

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kú oríire ìparí ẹ̀kọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ ìdí káńtà tí wọ́n ti ń yá ìwé ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, irú ẹjọ́ tìẹ yìí sì máa ń dé ní gbogbo ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń jáde.

Kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn lórí òfin. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n láṣẹ. Nígbà tí o forúkọ sílẹ̀ ní láíbìrì ní 100 level, o fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo, ni pé ìwé yòówù tó bá jáde lórí káàdì rẹ, ọrùn rẹ ló wà títí wọn yóò fi yọ ọ́ kúrò lórúkọ rẹ. Lójú òfin yìí, pé o gbé ìwé lé orí káńtà kò tíì tó. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá tẹ nọ́ńbà ìwé náà wọlé tí orúkọ rẹ sì kúrò lórí rẹ̀ ni o tó dá a padà. Ohun tó yẹ kí ọkùnrin yẹn ṣe ni pé kó ní kí o dúró. Kò ṣe é, ìyẹn sì jẹ́ àìdáa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tí ìwé náà wà, nítorí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé inú ilé ló wà. Tí iná bá lọ, wọ́n á kọ ìwé tí wọ́n gbà sínú rẹ́gísítà, wọ́n á tò ó sórí kẹ̀kẹ́ ìkówèé, wọ́n á ní tí iná bá dé, àwọn á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Iná lè má dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ó bá ìwé lórí kẹ̀kẹ́, ó rò pé wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀ wọlé, ó tì í lọ sórí pẹpẹ. Ìwé ti wọlé, orúkọ rẹ ṣì wà lóde.

Nítorí náà, lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kí o gba nọ́ńbà tó wà ní ẹ̀yìn ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ń to ìwé lọ́nà ti Library of Congress, láíbìrì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, HB139 sì ni ìwé econometrics máa ń wà. Lábẹ́ rẹ̀ wàá rí lẹ́tà kan tó dúró fún orúkọ ẹni tó kọ ọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà, bíi .K45. Ibi tí àwọn tó ń to ìwé ti ń ṣìnà jù nìyí. Bíi nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn póìǹtì ni wọ́n ń ka èyí tó tẹ̀lé lẹ́tà náà, nítorí náà .K45 ló ń ṣáájú .K5, gẹ́gẹ́ bí 0.45 ṣe kéré sí 0.5. Ẹni tí wọn ò kọ́ dáadáa á kà á ní márùndínláàádọ́ta, á sì gbé e kọjá .K9. Má ṣe wo ojú ibi tó yẹ kó wà nìkan. Bẹ̀rẹ̀ láti ìwé àkọ́kọ́ ní HB139, fi ìka tọ ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan dé òpin. Tí kò bá sí níbẹ̀, wo HB193 àti HB319, nítorí ojú tó ti rẹ̀ máa ń yí nọ́ńbà po. Lẹ́yìn ìyẹn, wo HA29 tí àwọn ìwé ìṣirò dátà wà.

Kí o tó gorí òkè lọ wá a, sọ fún òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ní o ti dá ìwé náà padà. Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ láíbìrì wa fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwé, ní àyè fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ rẹ ti di ohun tí wọ́n ń wádìí. Kí wọ́n sì gbé rẹ́gísítà oṣù tí o dá a padà jáde. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo sọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé rẹ́gísítà wà. Ọjọ́ Ajé ni máa lọ, nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta àwọn tó ń ṣe kílíáráǹsì kì í wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Ẹ káalẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, èmi náà fẹ́ béèrè kí irú eléyìí má bàa ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo lọ sí láíbìrì wa lánàá, pọ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà dá mi padà. Ó ní mi ò ní káàdì, ó tún ní mi ò lè gbé báàgì wọlé. Kí ni mo nílò? Ìwé mélòó ni mo lè yá? Kí ló dé tí àwọn ìwé kan fi wà tí wọn ò jẹ́ kéèyàn gbé jáde rárá?

Ìyá Ìbejì

Ẹ káàbọ̀ sí yunifásítì, àbúrò. Jẹ́ kí n dáhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, Bàbá á tún un ṣe tí mo bá ṣì í.

Láti forúkọ sílẹ̀, mú rísíìtì owó ilé-ìwé, lẹ́tà ìgbàwọlé àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ. Ibòmíràn á ní kí olùdámọ̀ràn rẹ ní ẹ̀ka fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gbà á. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń sọ káàdì dọ̀tun, má jẹ́ kí tìẹ kú láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ báàgì: gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ, bírò, fóònù àti owó rẹ dání, kí o fi báàgì sílẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń kó o sí lẹ́nu ọ̀nà. Má fi ohun iyebíye sínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ láíbìrì ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé bí nǹkan bá sọnù níbẹ̀, àwọn ò mọ̀ sí i. Tí o bá ní ìwé tìrẹ tó jọ ti láíbìrì, fi han pọ́tà nígbà tí o bá ń wọlé, kí ó má di àríyànjiyàn nígbà tí o bá ń jáde.

Iye ìwé tí o lè yá wà lọ́wọ́ ipò rẹ. Àwọn tó ń gba oyè àkọ́kọ́ ni tiwọn kéré jù, ìwé díẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa tó ń gba oyè gíga ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì ń tọ́jú wọn pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùkọ́ ló pọ̀ jù fún. O lè sọ ọjọ́ rẹ̀ dọ̀tun kí ó tó pé, bí ẹlòmíràn ò bá tíì béèrè fún ìwé náà.

Ní ti àwọn ìwé tí kì í jáde, oríṣi mẹ́ta ni wàá kọ́kọ́ bá pàdé. Èyí tó ní REF lórí nọ́ńbà rẹ̀, ìyẹn ìwé atúmọ̀ èdè, ìwé àwòrán ilẹ̀ àti àwọn ìwé gbàǹgbà tí èèyàn ń ṣí láti wo ohun kan kó sì pa dé. Èkejì ni àpilẹ̀kọ oyè àwọn tó ti jáde ṣáájú. Ẹ̀dà kan péré lè wà ní gbogbo ayé, nítorí náà o máa jókòó kà á níbẹ̀ ni, ibòmíràn kì í sì í jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àkójọ ìwé nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Kenneth Dike Library ní Ìbàdàn, láti 1950 ni òfin ti ní kí àwọn tó ń tẹ ìwé ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀, ìgbà tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tó ọdún méjì. Nítorí òfin yẹn ni èèyàn ṣe lè rí ìwé pélébé àti ìwé ìròyìn àtijọ́ níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn mọ́. Tí ẹnì kan bá gbé irú rẹ̀ lọ sílé tí òjò sì pa á, ó parí nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Ẹ ṣeun, mà. Reserve ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ sára yàrá kan ní ìsàlẹ̀, mo rí i pé èrò ò yé tò síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé tí gbogbo kíláàsì nílò lẹ́ẹ̀kan náà sí. Olùkọ́ ló máa ń sọ fún láíbìrì pé kí wọ́n fi ìwé báyìí báyìí sí Reserve. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń yáni, nínú yàrá náà. Tí ilé bá kù díẹ̀ kó ti, wọ́n lè jẹ́ kí o gbé e lọ sùn, kí o dá a padà ní kété tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀. Má pẹ́ o. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka owó ìtanràn ìwé Reserve, kì í ṣe ọjọ́. Ìdí ẹ̀ ni pé ẹ̀dà mẹ́ta lè wà níwájú kíláàsì tí igba èèyàn wà nínú rẹ̀. Bí o bá fi ọ̀kan sùn di ọ̀sán, o ti gba ìjókòó àwọn tó wá láàárọ̀.

Tísà Àgbà

Mo ń ka gbogbo èyí, inú mi sì dùn sí ohun tí ẹ̀ ń sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹnu bà. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á gba owó lọ́wọ́ ẹ̀. Olùkọ́ tó bá gbé ìwé sí ọ́fíìsì rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ta ni yóò bi í? Mo mọ àwọn ìwé tí kò sí lórí pẹpẹ láti ìgbà tí mo ti dé ibi iṣẹ́ mi, tí mo sì máa ń rí ẹ̀yìn wọn nínú kọ́ńbọ́ọ̀dù ẹlòmíràn pẹ̀lú nọ́ńbà láíbìrì lára wọn. Òfin tó bá ń mú àwọn ọmọdé nìkan, èmi ò gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n máa pe ìwé padà lọ́wọ́ wa náà, kí orúkọ ẹni tí kò dá a padà sì dé ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka rẹ̀.

Bàbá Láíbìrì

Ọ̀gá Tísà, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, mo sì dúpẹ́ pé olùkọ́ ló sọ ọ́. Òfin wà fún yín náà. Tí ẹlòmíràn bá nílò ìwé, láíbìrì láṣẹ láti pè é padà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, dé orí ọ̀gá àgbà yunifásítì. Olùkọ́ tó bá ń fẹ̀yìn tì tàbí tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn, òun náà á gba kílíáráǹsì. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ọgbọ̀n ọdún lè wà láàárín ìgbà tó yá a àti ìgbà tí wọn yóò bi í. Òṣìṣẹ́ kékeré tó wà ní káńtà kò sì láyà láti kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Olórí láíbìrì ló yẹ kó fọwọ́ sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, ìwé máa ń padà wálé.

Adé Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìjókòó o. Níbi tí mo wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ láíbìrì yunifásítì ló ti fi owó ìtanràn sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni mo fi ń yá ìwé, ẹ̀rọ náà ni mo fi ń dá a padà, ó sì ń tẹ rísíìtì jáde tàbí kó fi í-meèlì ránṣẹ́. Tí ọjọ́ ìwé bá pé, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ dọ̀tun fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá béèrè fún un nìkan ni wọ́n á kọ̀wé sí mi pé kí n dá a padà, tí mo bá sì kọ etí ikún sí i, wọ́n á dá káàdì mi dúró.

Èmi rò pé ó yẹ ká fòpin sí owó ìtanràn nílé náà. Ọmọ tálákà ni owó yẹn ń dùn. Ọmọ olówó á san án, á sì máa fi ìwé ka nǹkan rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé gbogbo wọn ń yáni níwèé níbí o. Láíbìrì Bodleian ní Oxford kì í jẹ́ kí ìwé jáde. Ní 1645, Ọba Charles Kìíní ránṣẹ́ pé kí wọ́n yá òun ní ìwé kan, wọ́n sì sọ fún un pé òfin ilé kò gbà á. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ lo ibẹ̀ máa ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní ba ìwé jẹ́, òun ò sì ní gbé iná wọlé tàbí dá iná níbẹ̀.

Tísà Àgbà

Ọba ni wọ́n kọ̀ fún! Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ibi tí òfin bá ti mú ọba, olùkọ́ ò ní lè ní òun ò gbà.

Bàbá Láíbìrì

Adé, o káre. Mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí ọmọ tálákà, mo sì ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá sí láíbìrì mọ́ rárá nítorí owó kékeré tó jẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣòfin gbé yẹ̀wò ni pé owó ìtanràn kì í ra ìwé. Iye tí wọ́n ń rí gbà láàárín ọdún kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìwé ìṣègùn tàbí ìwé òfin. Ẹni tó wà lẹ́yìn nínú tò ni òfin yìí wà fún. Bí a bá rí ọ̀nà mìíràn tí ìwé fi lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àkókò, ká lo ọ̀nà náà. Dídá káàdì dúró ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí ó ń mú ẹni tó lówó àti ẹni tí kò ní bákan náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ yín ń ṣe lọ́hùn-ún, iná ló gbé e ró. Kí kọ̀ǹpútà tó lè sọ ìwé dọ̀tun fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ìwé tó wọlé àti èyí tó jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Láíbìrì tó ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn ní ọ̀sán kò tíì débẹ̀. Rẹ́gísítà ló ṣì ń gbà á là, rẹ́gísítà sì nílò òṣìṣẹ́ tí yóò jókòó lọ́jọ́ kejì láti tẹ gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá lè ní kí olórí láíbìrì kọ̀ọ̀kan ṣe ohun kan, òun ni kó ra bátìrì tó lè gbé kọ̀ǹpútà káńtà nìkan. Kò ní kó tan iná sí gbogbo ilé. Ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ni kó má ṣókùnkùn.

Ọ̀rọ̀ Koha yìí máa ń rán mi létí nǹkan kan. New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, ibẹ̀ náà sì ni John Harris, olórí láíbìrì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, ti ń ṣiṣẹ́ láíbìrì kó tó wá ní 1948. Ọ̀nà jíjìn ni ètò ìwé wa méjèèjì ti wá.

Ẹlẹ́rọ Fọ́tòkọ́pì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹnu ọ̀nà láíbìrì kan ni ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì mi wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé ìwé wá pé kí n ṣe é láti páálí dé páálí. Mo máa ń kọ̀. Àwọn kan tún máa ń mú ojú ìwé tí wọ́n fà ya wá, etí rẹ̀ á ṣì rí wúruwùru. Kí ni òfin sọ lórí ìyẹn?

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun tí ẹ ń kọ̀ o. Fún ẹ̀kọ́ ara ẹni, òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022 gba èèyàn láyè láti ṣe ẹ̀dà apá kan ìwé níwọ̀ntúnwọ̀nsì, orí kan bí àpẹẹrẹ. Odindi ìwé tó ṣì wà lọ́jà kò sí nínú ìyẹn, àgàgà tí ẹnì kan bá fẹ́ máa tà á fún kíláàsì.

Ní ti fífà ìwé ya, ó máa ń ká mi lára. Ní ọdún tí mò ń kọ orí kejì iṣẹ́ mi, mo gbé jọ́nà kan sílẹ̀ lórí tábìlì, mo ṣí i dé ojú ewé tí mò ń wá, ni mo bá bá etí abẹ́fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ti fi rẹ́sà gé àpilẹ̀kọ náà kúrò láti òkè dé ìsàlẹ̀, gígùn rẹ̀ sì tọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà lé e. Ẹni yẹn kò dúró ra fọ́tòkọ́pì. Gbogbo ẹni tó bá tún wá lẹ́yìn rẹ̀ ló já sí òfo. Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń gbé irú ẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, ó lè di pé wọ́n dá èèyàn dúró fún sáà ẹ̀kọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fara mọ́ ọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Tí ìwé bá sọnù ńkọ́? Tí wọ́n jí i ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì?

Bàbá Láíbìrì

Lọ sọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí o kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Láti ọjọ́ tí o bá sọ ọ́ ni ọ̀pọ̀ láíbìrì máa ń dá owó ìtanràn dúró. Ẹni tó bá dákẹ́ títí di kílíáráǹsì ló máa ń san méjèèjì. Wọ́n á ní kí o ra ìwé kan náà, àtẹ̀jáde yẹn tàbí èyí tó tuntun jù ú lọ, pẹ̀lú owó díẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe lé e lórí, torí wọ́n máa tún fún un ní nọ́ńbà, wọ́n máa tún fi òǹtẹ̀ lù ú. Má ra ayédèrú wá. A máa ń mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé.

Mo lọ lọ́jọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe. Mo sọ fún obìnrin yẹn pé mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti dá ìwé padà, ó wò mí díẹ̀, ó sì ṣe é. Mo gba nọ́ńbà ìwé, mo gun òkè lọ. Mo fi ìka tọ HB139 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí. HB193, kò sí. HB319, kò sí. HA29, mo rí ìwé econometrics mìíràn tó ṣìnà wá síbẹ̀, mo gbé e fún wọn, ṣùgbọ́n tèmi kọ́.

Mo padà sísàlẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé rẹ́gísítà jáde. Ọ̀gá wọn kọ́kọ́ ní kò sí àyè. Mo bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ gan-an. Ìgbà tí ó gbé e jáde, a ṣí oṣù náà, orúkọ mi wà níbẹ̀, nọ́ńbà káàdì mi, orúkọ ìwé, ọjọ́, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé òṣìṣẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnì kan fi bírò pupa kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ìwé ti já, kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń di ìwé.

Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ mú mi lọ síbẹ̀. Ìwé wà nínú yàrá yẹn láàárín àwọn mìíràn, wọ́n fi okùn dì wọ́n papọ̀, wọn ò tíì kàn án. Nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, orúkọ mi kúrò, àmọ́ owó ìtanràn ṣì wà, nítorí òní ni ẹ̀rọ kà sí ọjọ́ tí mo dá a padà. Bàbá, kí ni kí n ṣe sí ti owó yìí?

Bàbá Láíbìrì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Apá tó le ti tán.

Kọ lẹ́tà sí olórí láíbìrì. Má ṣe é gùn. Sọ ọjọ́ tó wà nínú rẹ́gísítà àti ojú ewé tó wà, kí o bẹ̀ wọ́n pé ọjọ́ yẹn ni kí wọ́n kà sí ọjọ́ ìpadà. Ya fọ́tò ojú ewé náà tí wọ́n bá gbà, kí o so ó mọ́ lẹ́tà. Olórí láíbìrì tàbí ẹni tó ń ṣàkóso ẹ̀ka yíyá ìwé láṣẹ láti pa owó náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Tí ọjọ́ inú rẹ́gísítà bá ti kọjá ọjọ́ tó yẹ kí o dá a padà, iye ọjọ́ yẹn nìkan ni wàá san. Fi ẹ̀dà lẹ́tà náà pamọ́, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu tìrẹ pé àwọn gbà á.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ọjọ́ kò tíì pé nígbà tí mo dá a padà. Mo ti fi lẹ́tà náà sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà mi.

Adé Lọ́ńdọ̀nù

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi tó wa létí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Wọ́n pa á rẹ́! Wọ́n sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi lọ́sàn-án yìí. Bàbá, ẹ ó jèrè iṣẹ́ yín. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé tí ẹ ní kí n má sanwó. Ọ̀gá yẹn ní àwọn máa lọ wo gbogbo ìwé tó wà nínú yàrá ìdìwé báyìí, nítorí ó ṣeé ṣe kí orúkọ àwọn mìíràn wà lórí wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Kú oríire, bọ̀dá! Ìbéèrè kan ló kù tí mo ní. Ọ̀rẹ́ mi ò tíì ní káàdì, ó ní kí n fi tèmi yá ìwé fún òun. Ṣé ó burú?

Bàbá Láíbìrì

Má ṣe é. Káàdì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yá ara wọn. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ, tí ìwé bá sì sọnù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, ìwọ ni wọn yóò bi. Mú un lọ́wọ́ lọ síbi ìforúkọsílẹ̀ lọ́la. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, ní ọ̀sẹ̀ yìí tí ìdánwò ò tíì sún mọ́lé, ẹ ò ní bá èrò níbẹ̀. Kó mú rísíìtì owó ilé-ìwé àti fọ́tò méjì dání.